Ọtí Lè Dá Lójú Kó Má Tíì Kúrò Nínú Ẹ̀jẹ̀

Bí ẹnìkan bá mutí yó lálẹ́ ní Ẹ̀sà-Òkè, tó jí láàárọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ gidi, wọn á ní ọtí ti dá lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí a sọ ọ́ di orúkọ ohun tí onímọ̀ ìṣirò ń wọ̀n. Ojú lè dá kí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́. Awakọ̀ tó fẹ́ gbé èrò lọ sí Iléṣà ní ìdájí gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yẹn. Kí “dá lójú” máa jẹ́ ti ohun tí ara ń mọ̀. “Ìkúrò ọtí” ni kí a fún ẹ̀jẹ̀.

Ọdún 1932 ni Erik Widmark, ará Sweden, tẹ ìwé tó fi ìdí ìṣirò ọtí inú ẹ̀jẹ̀ múlẹ̀ jáde. Mo pe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní àwòṣe, torí òǹkà la fi ń ṣe irú ohun tí ara ń ṣe. “Ọtí” nìkan kò tó níbẹ̀, nítorí ẹmu, bíà àti ògógóró kò le bákan náà. Ògidì ọtí inú wọn là ń kà. Omi ara ló ń gbé e kiri, nítorí náà “ìdá ìtànká” yẹ: bíi 0.68 fún ọkùnrin, 0.55 fún obìnrin. Ẹ fi ìdá yìí sọ ìwúwo ara di púpọ̀, kí ẹ fi èsì rẹ̀ pín ògidì ọtí. Ìgò bíà ńlá kan, 60cl tó le tó 5%, ní nǹkan bíi gíráàmù 24. Fún ọkùnrin tó wọn kílò 70, ó di gíráàmù 0.5 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ibẹ̀ gan-an ni òfin Nàìjíríà fi ààlà sí fún awakọ̀.

Ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ èyí tó pọ̀ jù mọ́, bíi gíráàmù 0.15 nínú lítà kan ní wákàtí kan. Bí abọ́ ata ti wù kó pọ̀ tó lórí ìlà, ẹ̀rọ ìlọta kì í torí ẹ̀ yára ju agbára rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dọ̀ ń ṣe; “ìdínkù aláìyẹ̀” ni mo pè é. Ọ̀pọ̀ oògùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdá kan nínú èyí tó kù ló ń lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn “ìdínkù onídàá”. Ìdínkù ọtí náà ń di onídàá nígbà tó bá kù díẹ̀ gan-an. Ẹni tó mu ìgò méjì nílò bíi wákàtí méje láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ kí ọtí tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kọfí àti omi tútù kò lè dín in kù.

Yorùbá tó ìṣirò í ṣe: láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò ní Mọdákẹ́kẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Ẹ̀sà-Òkè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò, ẹ tún èyí tí kò bá tọ́ ṣe, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí gáréèjì.