Ìrìnpọ̀ Lórí Ààlà: Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ ruku bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró dè wọ́n? Àgbà tó pa òwe yìí kò sọ pé ejò kò lóró. Oró ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Àdárìn ló sọ ọ́ di ohun tí ọmọdé ń fi igi pa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìlú méjì kan rí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n ni ti Òrólú. Erinlẹ̀ ni òrìṣà Ìlobùú, Òṣàlúfọ́n ni ti Ìfọ́n. Wọ́n múlé ti ara wọn, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Síbẹ̀, ìjà ilẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tún ru sókè ní 2025: ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ta ni yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tàbí kọ́ ilé ìwòsàn sórí ilẹ̀ tí ìjà lè dé lọ́la?

Ibi ààlà ló yẹ kí ètò ìdàgbàsókè wọn ti bẹ̀rẹ̀. Pèrègún àti odò ni ẹlẹ́rìí àwọn baba wa, ṣùgbọ́n pèrègún ṣeé hú, odò a sì máa yà. Lónìí, GPS àwọn awọnlẹ̀ lè tọ́ka ibi tí òpó ààlà wà, kó má ṣì ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ.

Àmọ́ ìwọ̀n tí ẹnì kan dá lọ wọ̀n, ohun ìjà ni lójú ẹnì kejì. Ẹ wo bí orílẹ̀-èdè Rwanda ṣe yẹra fún un: láàárín 2009 sí 2013, wọ́n fi àwòrán tí wọ́n yà láti òfuurufú forúkọ ègé ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 10 sílẹ̀. Onílẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ ló jọ ń dúró sójú ààlà kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá ní àríyànjiyàn, wọ́n á kọ ọ́ lọ́tọ̀.

Ohun tó yẹ kí Olóbùú, ọba Ìlobùú, àti Olúfọ́n, ọba Ìfọ́n, ṣe nìyẹn. Kí wọ́n yan àgbà, ọdẹ, àgbẹ̀, ìyálọ́jà àti ọ̀dọ́, kí wọ́n jọ tẹ̀lé awọnlẹ̀ láti òpó dé òpó. Ibi tí ẹnu wọn bá ti kò, kí wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀; ibi tí kò bá kò, kí wọ́n sàmì sí i fún ilé ẹjọ́. Kí máàpù kan náà wà láàfin méjèèjì, kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì sì jọ náwó sórí ọ̀nà oko tó so wọ́n pọ̀. Ìgbà náà ni àgbẹ̀ yóò tó gbin kòkó sórí ilẹ̀ tó dá a lójú pé ọmọ òun ni yóò ká a.