Àjàyí, Orúkọ Tí Ọmọ Mú Tọ̀run Wá

Ní Agége níbí, n kì í pe rẹ́jísítà kíláàsì kan tán kí n má kan Àjàyí. Ṣùgbọ́n orúkọ bàbá ni. Ọmọ fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Olúwaṣeun tàbí Tèmítọ́pẹ́. Báwo ni orúkọ ọmọ ṣe wá di orúkọ ìdílé?

Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí. Ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ wáyé ni à ń sọ ọ́. Bàbá kì í yàn án. Agbẹ̀bí ni ó rí i, tí ó sì sọ fún ará ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìgè tí ó fi ẹsẹ̀ wáyé, àti Òjó àti Àìná tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn.

Ẹ rántí pé lórí ìkúnlẹ̀ ni àwọn ìyá ńlá wa ń bímọ. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ tí ó tẹ̀ síwájú, ikùn rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ a sì máa kọjú sí ẹ̀yìn ìyá wọn bí wọ́n bá ń jáde, nítorí náà òkè ni wọ́n ń wò. Èyí tí ó wolẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọsibítù, abiyamọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀pọ̀ ọmọ sì dojú bolẹ̀. Bí a bá ní kí a máa wo ìyẹn, gbogbo Ìkẹjà ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ Àjàyí! Èrò tèmi nìyí o. Nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ ní sọ bí ọmọ ṣe dojú kọ: ó sọ bóyá akọ tàbí abo ni, ó sọ ìwọ̀n rẹ̀, ó parí.

Àjàyí tí ayé mọ̀ jù ni ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Ní 1825, ní ilẹ̀ Sàró, a rì í bọmi, ó gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864; síbẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni a ń pè é títí di òní.

Ẹ wá fi Kẹ́hìndé wé e. Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí oko kòkó rẹ̀ wà ní Ìfàkò lẹ́bàá Agége níhìn-ín, wà lára àwọn aṣáájú ìjọ African Church tí a dá sílẹ̀ ní 1901. Kẹ́hìndé kò tíì kúrò lẹ́nu wa. Ìbejì kò ṣe é fi pamọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé yóò rí i pé ọmọ méjì ni. Àjàyí ní tirẹ̀, ẹlẹ́rìí rẹ̀ kò ju agbẹ̀bí lọ.

Èyí tí ó dùn mí jù ni oríkì. Àjàyí ní oríkì tirẹ̀, tí ìyá fi ń kí i láàárọ̀ bí ó bá kúnlẹ̀. Orúkọ bàbá nínú rẹ́jísítà kò ní ẹni tí yóò kí i bẹ́ẹ̀.

Mo bi òbí kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Ìkẹjà pé, “Bàbá Ṣeun, ta ni ó dojú bolẹ̀ nínú yín?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá bàbá mi ni, tíṣà. Àwa yòókù, ẹnikẹ́ni kò bèèrè.”