Àbójútó Ọmọ Tuntun Tí Ewu Rọ̀ Mọ́ ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé, 1956 sí 1961

Nínú ìtàn ètò ìlera nílẹ̀ Yorùbá, ilé-ìwòsàn ni ó sábà máa ń gba iwájú, ìdílé ọmọ a sì gba ẹ̀yìn. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìdílé gan-an ni ìpìlẹ̀ ètò tí Dókítà David Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì Ilé-Ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà láàárín 1956 àti 1961.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ọmọ tí ewu rọ̀ mọ́ ṣáájú àkókò náà. Bí obìnrin bá ti sin ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àbíkú ni wọn a pe èyí tí ó bá tún bí. Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé: ẹ̀bẹ̀ ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn fi hàn pé ibà àti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tí ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, Morley tẹ̀lé àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí wọn títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Láti inú irú ìrírí yìí ni ó ti to àwọn àmì ewu tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ ti 1973: ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kílò 2.4 nígbà ìbí, ìbejì, ọmọ keje tàbí èyí tí ó tẹ̀lé e, ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kú, tàbí tí ìgbéyàwó wọn tú ká, ọmọ tí ọ̀pọ̀ ọmọ-ìyá rẹ̀ ti kú, àti èyí tí kò fi ìdajì kílò sanra sí i lóṣooṣù ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ojú máa ń wà lára rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Nọ́ọ̀sì a wọn ọmọ, a sì fi àmì sí ojú ìlà lórí káàdì. Bí ìlà náà bá dúró lójú kan, wọn yóò ti mọ̀ kí àìsàn tó hàn sójú. Ìyá ni ó ń tọ́jú káàdì náà nílé.

Ó ṣeé ṣe kí irú àkọsílẹ̀ yìí di orúkọ burúkú mìíràn lára ọmọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Orúkọ àbíkú di ẹ̀bi ru ọmọ fúnra rẹ̀. Àkọsílẹ̀ Morley tọ́ka sí ipò tí ọmọ bá ara rẹ̀, ipò sì ṣeé tún ṣe. Síbẹ̀, ilé-ìwòsàn nìkan ni ó pinnu ohun tí yóò jẹ́ àmì ewu. Ìyá àgbà tí ń wẹ ọmọ tí ó sì ń se àgbo kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni abiyamọ máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Káàdì náà ti rin ìrìn-àjò dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn máa wádìí ni bóyá ojú tí ó rí ìdílé lẹ́yìn ọmọ bá káàdì náà rìn, tàbí bóyá Iléṣà ni ó kù sí.