Ta Ló Sọ Pé Kò Sí Kẹ́míkà Láyé Àwọn Bàbá Wa?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ọ́gáníìkì tẹ́ ẹ ń fà látàná ni mo fẹ́ dá sí. Àwọn oníbàárà wa ní Èkó àti Ìbàdàn ń béèrè fún un, wọ́n sì ṣe tán láti fowó lé e. Làwa náà bá ń sọ fún wọn pé irú èyí táwọn bàbá wa jẹ ni, tí kò ní kẹ́míkà kankan. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí kọ́ nìyẹn.

Ọdún 1940 ni ọlọ́lá kan nílùú ọba, Lord Northbourne, lo orúkọ yẹn nínú ìwé rẹ̀, Look to the Land. Lóòótọ́, kò fẹ́ràn fatiláísà ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wí gan-an ni pé kí oko dà bí ara èèyàn, kí ẹ̀yà kan máa bọ́ èkejì. Kò túmọ̀ sí pé àgbẹ̀ ò ní fọwọ́ kan oògùn láéláé.

Èyí tó jọ mí lójú jù rèé. Láyé ọjọ́un, lágbègbè Bordeaux nílẹ̀ Faransé, àwọn olóko àjàrà máa ń po copper sulphate, èyí aláwọ̀ búlúù yẹn, mọ́ láìmù, wọ́n á wọ́n ọn sára àjàrà tó wà létí ọ̀nà kí olè lè rò pé májèlé ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Millardet wá rí i pé àwọn tẹ́bàá ọ̀nà yẹn gan-an ni àrùn ò bà jẹ́. Ẹ gbọ́ ná, ìbẹ̀rù olè ló bí oògùn! Ní 1885 ló kéde rẹ̀. Títí dòní, àgbẹ̀ ọ́gáníìkì ní Yúróòpù ń lo kọ́pà, òfin wọn gbà á: kò ṣáà gbọdọ̀ ju kílò 28 lọ lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún méje.

Oògùn yẹn náà ló dé oko kòkó wa. Ẹ̀yin ọmọ Oǹdó àti Iléṣà, ṣé ẹ rántí páǹpù táwọn bàbá wa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn lásìkò òjò, kí èso kòkó má baà dúdú kó sì jẹrà lórí igi? Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n tún ti ń fín Gammalin 20 sí kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó. Lindane ló wà nínú ẹ̀, májèlé tí àdéhùn Stockholm fi kún àwọn tó yẹ kí ayé pa tì ní 2009. Àwọn kan tiẹ̀ ń dà á sódò láti fi pẹja. Ẹja yẹn náà wà lára oúnjẹ ayé àtijọ́ tá à ń yìn o.

Tẹ̀wà tiẹ̀ tún le. Ẹ̀wà tí wọn ò fín lóko rárá ṣì lè gba oògùn nínú sọ́ọ̀bù, torí àwọn kan ń da dichlorvos lé e kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Nǹkan tó ń pààyàn! Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de ìgò rẹ̀ kéékèèké. Àpò PICS wà, ọ̀rá méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò líle kan níta. Bẹ́ ẹ bá ti dì í pinpin, kòkòrò á lo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ tán, á sì kú láìsí oògùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fín ẹ̀wà náà lóko, àpò ò lè sọ ọ́ di ọ́gáníìkì.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ sára ọjà rẹ̀, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹ̀: kí lo fín, ìgbà wo lo fín in, kí lo fi tọ́jú ẹ̀? Bí onítọ̀hún ò bá lè dáhùn, ẹ kọ “ẹ̀wà” nìkan.

Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta àpò PICS ní Dawanau lọ́sẹ̀ yìí, kó jọ̀ọ́ fi vóìsì ránṣẹ́ síbí.