Líle Kóró Irúgbá

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí a bá ti pa òwe yìí, ìfaradà ló ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn: ká náwó, ká nára, kí ẹnu àáké kú bó bá máa kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wo ẹnu àáké ní ibi tó ń wò: ojú rẹ̀ ń bẹ níbi tí oyin wà. Bó bá kàn ń ṣá àpáta kiri, àáké á kú lásán, oyin ò ní í jáde.

Kóró irúgbá fi èyí hàn kedere. Láti Ìkìrun, kọjá Ìnísà, títí wọ Òkukù, níbi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn, irúgbá ń bẹ lóko, àmọ́ ṣàṣà lẹni tó lè na ọwọ́ sí èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbìn. Ẹyẹ, ọ̀bọ, àti ọmọdé tó ń lá ìyẹ̀fun inú èso ló ń gbé kóró rẹ̀ kiri; àgbẹ̀ a sì dá èyí tó bá hù sí nígbà tó bá ń ṣán oko. Ọ̀pọ̀ tó gbìyànjú láti gbìn ín ní kì í hù. Ó ń hù. Èèpo rẹ̀ ló le tí omi kò fi ráyè wọlé, bí omi kò bá sì wọlé, ohun tó sùn nínú rẹ̀ kò ní í jí.

Àwọn obìnrin tó ń ṣe irú mọ líle yìí dáadáa. Wọ́n á sè é láti àárọ̀ di alẹ́ kí èèpo tó rọ̀, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ṣan èèpo dànù, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá dì í bò fún ọjọ́ 2 sí 3. Àáké tiwọn nìyẹn, ó sì bá iṣẹ́ mu, nítorí oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ kó hù kò gbọdọ̀ sè é lórí iná. Ẹ̀mí inú rẹ̀ á kú.

Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ kó hù rọrùn jùyẹn lọ. Bí èso bá gbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó fọ ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú náà kúrò, kó da kóró sómi, kó kó èyí tó bá léfòó dànù. Kó hó omi, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó dà á lé kóró lórí, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá wú ti gba omi, ó yá fún gbíngbìn. Èyí tí kò wú, kó fi abẹ ha èèpo rẹ̀ níbi kan ṣoṣo. Kó má fọwọ́ kan ojú kóró, níbi tó ti so mọ́ inú èso, nítorí ìtòsí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ń gbà yọ. Òdìkejì ni kó ha. Nílé ìwádìí, ásíìdì ni wọ́n sábà ń lò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ lásán mú nílé.

Irúgbá nìkan kọ́ ló ń ṣe báyìí. Ní Àríwá Amẹ́ríkà, títí dé gúúsù Kánádà, ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan wà tí wọ́n ń pè ní Opuntia humifusa, tí òtútù yìnyín kì í pa. Èèpo kóró tirẹ̀ náà le. Àwọn tó ń gbìn ín á fi sáńpépà ha á, wọ́n á sì tún fi í sínú yanrìn tútù nínú fíríjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó lè gbà pé ìgbà òtútù ti kọjá. Bó bá hù ṣáájú yìnyín, ó gbé. Irúgbá náà, bí gbogbo rẹ̀ bá hù lọ́jọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ọ̀dá ránpẹ́ kan á run wọ́n tán. Ààbò ni líle náà, oníkálukú ló sì dè é mọ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ tirẹ̀. Òtútù fíríjì ti ọ̀hún kò wúlò fún tibí.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi òwe yìí gba ènìyàn níyànjú, kó fi ìmọ̀ kún ìfaradà. Irúgbá a máa tó ọdún 5 sí 10 kó tó so, à ń gé àgbà rẹ̀ ṣe èédú, a kò sì gbin ọmọ rẹ̀ dípò. Omi gbígbóná àti abẹ kan kò sí nínú ohun tó wọ́n wa.