Ọ̀tẹ̀, Ìfipágbàjọba àti Oríire: Ìtàn Àwọn Ọ̀rọ̀ Kan láti Agbóyì dé Mile 12

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún gbígba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí àga kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀tẹ̀ wà, ìdìtẹ̀ wà, ìrọ̀lóyè wà, ìfipágbàjọba náà wà, kò sì sí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Ìdìtẹ̀ ni pé kí àwọn ènìyàn jọ fikùn lukùn ní kọ̀rọ̀, ìbáà kẹ́sẹ járí, ìbáà má kẹ́sẹ járí. Ìrọ̀lóyè jẹ́ ti àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti fini joyè. Gbàjọba ní tirẹ̀ kò lẹ́bi kankan nínú: ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá wọlé ìbò gbàjọba, kò sì sẹ́ni tó máa bínú sí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tí a bá fi “fipá” tàbí “dìtẹ̀” ṣáájú rẹ̀ ni ó ń di ẹ̀sùn.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn afọbajẹ, bá kọ Aláàfin, wọ́n á ní kí ó ṣígbá wò, ọba tó bá sì ti ṣígbá mọ̀ pé ikú ló kàn. Gáà tó jẹ́ Baṣọ̀run láti nǹkan bí 1754 fi ọ̀nà yìí àti òmíràn rán ọba tó ju ẹyọ kan lọ sọ́run, kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Síbẹ̀ Gáà kò di ọba. Baṣọ̀run kì í jẹ Aláàfin, agbára ló gbà, kò gba adé, ìdí sì nìyí tí ìtàn fi ń pe tirẹ̀ ní ọ̀tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Èkó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọ ọba àti ọmọ ọba ló ń du ilé baba wọn. Nígbà tí Ọba Olúwọlé kú ní 1841, àrá ló sán lu ẹ̀tù ìbọn tó wà láàfin, Akítóyè ni wọ́n fi jọba. Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà ní ìgbèkùn ní Whydah nígbà náà. Akítóyè ránṣẹ́ pè é wálé, ó sì fi oyè Olóòjà Ẹrẹ́kọ́ dá a lọ́lá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Elétù Òdìbò, ìjòyè tó jẹ́ ọ̀tá Kòsọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kìlọ̀ fún un títí. Ìkìlọ̀ náà ṣẹ. Ní July 1845, àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́ ká ààfin mọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí Akítóyè rí i pé ọwọ́ ti bọ́, ó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó gba ọ̀sà lọ sí apá àríwá. Omi Agbóyì ló gbà kọjá, ìyẹn omi tó wà lẹ́yìn Kétu lónìí nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́. Òṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Ó yẹ kí ó mú un; ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ bi í léèrè, èsì tí ìtàn Èkó fi sí i lẹ́nu ni pé Akítóyè fi oògùn dè wọ́n, apá wọn kò sì ká a. Ó jọ pé ọ̀wọ̀ tí balógun náà ní fún ọba ló ṣe é, kì í ṣe oògùn. Èyí ó wù kó jẹ́, àánú ọjọ́ náà ló jẹ́ kí Akítóyè dé Abẹ́òkúta, kí ó sì ti ibẹ̀ dé Àgbádárìgì, níbi tó ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Ní December 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Akítóyè sì padà sórí ìtẹ́.

Orúkọ tí àwọn ará Èkó sọ ogun méjèèjì yẹ ní àfiyèsí. Wọn kò pe ti 1845 ní ìdìtẹ̀ Kòsọ́kọ́. Ogun Olómirò ni wọ́n pè é, láti ara omi oníyọ̀ tí wọ́n mu lásìkò náà. Ti 1851 ni Ogun Àgídìngbì, ìró àgbá Gẹ̀ẹ́sì, tàbí Ogun Ahóyaya, nítorí bí ìlú ṣe gbóná. Ẹni tó gbàjọba kò sí nínú orúkọ náà rárá. Ó dà bíi pé ìlú tí ìdílé kan náà ń ṣàkóso mọ̀ pé ọba òní lè di ìsáǹsá lọ́la, ìsáǹsá sì lè padà di ọba.

Ìfipágbàjọba dé ẹnu gbogbo ènìyàn ní 15 January 1966, ọjọ́ tí àwọn ọ̀gágun pa Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà, àti Akíńtọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ìgbà náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, rédíò ló máa ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ìjọba di méjì lẹ́nu aráàlú: ti ológun àti ti alágbádá. Ohun tí wọ́n pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀lé ibi tó parí sí. Murtala Muhammed tó gba ipò Gowon ní 29 July 1975 di olórí orílẹ̀-èdè. Dimka tó pa á ní 13 February 1976 di ọ̀daràn, wọ́n sì yìnbọn pa á. Bákan náà ni ti Orkar ní 22 April 1990. Ní 17 November 1993, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà: wọ́n ní Ṣónẹ́kàn, olórí ìjọba fìdíhẹ, kọ̀wé fipò sílẹ̀, Abacha sì jókòó. Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yẹn tàn jẹ.

Kòsọ́fẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ irú ìjọba bẹ́ẹ̀. Jákàńdé, gómìnà alágbádá, sọ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó di 23 ní 1980. Àwọn ológun tó lé Ààrẹ Shagari lọ ní 31 December 1983 dá wọn padà sí mẹ́jọ, Kétu àti Ìkòsì sì wà lábẹ́ Ṣómólú. Ìjọba Abacha ló wá yọ Kòsọ́fẹ́ kúrò lára Ṣómólú ní 1996. Ológun kan pa ìpín ti Jákàńdé run, ológun mìíràn dá Kòsọ́fẹ́ sílẹ̀. Ní 2003, Tinubu, gómìnà Èkó nígbà náà, tún dá àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó jáde láti ara Kòsọ́fẹ́ sì ni Agbóyì-Kétu àti Ìkòsì-Ìṣẹri. Orúkọ omi tí Akítóyè gbà sá lọ tipa bẹ́ẹ̀ di orúkọ ọ́fíìsì ìjọba.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe àṣeyọrí, agboolé ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ kan tó yọrí sí rere ti ṣe àṣeyọrí tàbí àṣeyege. Ẹni tó ta ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ fakọyọ. Ẹni tó borí nínú ìdíje tàbí ìbò jáwé olúborí, ó gbégbá orókè, èkejì rẹ̀ sì fìdí rẹmi. Lójú pópó Kétu, ọ̀rọ̀ ìbò kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ: “Ó wọlé,” tàbí “Ó já.” Kò sí ẹni tó ń fi fakọyọ yin ẹni tó fi ìbọn gbàjọba, àfi tó bá fẹ́ bú u.

Ní ọjà Mile 12, ní Kòsọ́fẹ́ yìí kan náà, níbi tí ọkọ̀ tòmátò àti ata ti ń ti Òkè Ọya wọlé, oríire ni wọ́n ń pè é bí ẹrù bá dé lọ́jọ́ tí ọjà wọ́n, tí oníṣòwò sì pawó. Ẹni tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́ ti rọ́wọ́ mú, bó bá kọ́lé, wọ́n á ní ó ti là. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń já ẹrù ní tiwọn ń sọ pé ó ti hámà.