Bàákà àti Ìfiwéra Àwọn Irú Gladiolus

Bàákà jẹ́ ewéko tí ó ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn Áfíríkà, láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Etiópíà àti Gúúsù Áfíríkà. Ewé rẹ̀ gùn bí idà. Òdòdó rẹ̀ a sì máa to lẹ́sẹẹsẹ lára ọ̀pá kan ṣoṣo. Láàrin àwọn Yorùbá, iṣu rẹ̀ tí ó wà nínú ilẹ̀ ni ó níyì jù, nítorí pé àwọn oníṣègùn ń lò ó. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un ni Gladiolus dalenii, ní ìrántí Cornelius Dalen, olùdarí ọgbà ewéko Rotterdam.

Ní Yúróòpù, òdòdó ni wọ́n wò. Bedinghaus, olùtọ́jú ọgbà Duke ti Arenberg ní Enghien, ní Bẹ́ljíọ̀mù, da ewéko yìí pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ láti Gúúsù Áfíríkà. Ní 1841, Louis van Houtte gbé ọmọ tí wọ́n bí jáde fún títà ní Ghent, ó sì sọ ọ́ ní gandavensis, èyí tí í ṣe “ti Ghent”. Victor Lemoine ti Nancy, ní ilẹ̀ Faransé, tún da gandavensis pọ̀ mọ́ irú mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Francis Fox fi irú aláwọ̀ ìyeyè kan ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba láti ẹ̀gbẹ́ ìṣàn omi Victoria.

Bí irú ti ń pọ̀ sí i ni ó di dandan láti fi wọ́n wéra. Àwọn àgbẹ̀ a máa ka ọjọ́ láti ìgbà gbíngbìn títí dé ìgbà tí òdòdó bá là, wọn a wọn gígùn ọ̀pá, wọn a sì ka iye òdòdó orí rẹ̀. Wọn a tún hú iṣu, kí wọ́n lè mọ bí ó ti tóbi tó àti iye ọmọ tí ó bí. Irú tí òdòdó rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí iṣu rẹ̀ rù yóò mú kí àgbẹ̀ máa ra iṣu tuntun lọ́dọọdún. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ewé bíi mẹ́rin sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gé ọ̀pá, kí iṣu lè rí oúnjẹ.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n dá ọgbà Aburi sílẹ̀ ní 1890 lórí òkè tí ó wà ní àríwá Accra láti dán ohun ọ̀gbìn wò, ṣùgbọ́n kòkó àti rọ́bà ni wọ́n fi síwájú. Bàákà wà nínú igbó síbẹ̀. Ẹni tí ó bá hú iṣu rẹ̀ fún oògùn láì dá ọmọ rẹ̀ padà sínú ilẹ̀ ti mú irú rẹ̀ kúrò níbẹ̀.